Kúnlé, sáìnbọ́ọ̀dù kan fẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Kánádà? Ìyàwó mi ní kí n kí yín o, ó ní kó o yéé fi fọ́tò sìnóò dẹ́rù ba òun. Àwa tá a wà ní Adó ńbí, oòrùn fẹ́ẹ̀ pa wá, oòrùn yìí náà ló sì fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ìyá kan tó ń ta oògùn lápá Bàṣìrì ló pè mí. Ó ní sáìnbọ́ọ̀dù òun, èyí tí ọ̀rọ̀ máa ń rìn lójú ẹ̀ yẹn, láàárọ̀ á ṣiṣẹ́, lálẹ́ á ṣiṣẹ́, àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán gangan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, á kú, á tún dìde, ó sì ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ò dìde mọ́ rárá. Wọ́n ti ní kó lọ gbàdúrà, pé ayé ló wà nídìí ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín ṣá, mi ò tíì rí ayé tó ń wo aago kó tó ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe ṣí àpótí irin yẹn báyìí, ooru tó kọ lù mí lójú dà bíi ti ààrò búrẹ́dì, ọmọńlé méjì ti gbẹ síbẹ̀. Mo fi mítà wo pọ́wà sọ́pláì, 12V pé. Ó wá ku 7805, régúlétọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, òun ló ń sọ 12V di 5V fún bọ́ọ̀dù tó ń darí ọ̀rọ̀. 3.2V ni mo rí lẹ́sẹ̀ kẹta. Mo fọwọ́ kàn án, yéè! Mo yọ bọ́ọ̀dù kúrò lára ẹ̀, mo jẹ́ kó tutù, mo tún wò ó, 3.2V náà ni, mo mọ̀ pé ó ti lọ nìyẹn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé o! Ẹni tó ṣe é ṣáájú mi ti pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tuntun ló sì ń fi sí i. Ẹ̀bi régúlétọ̀ kọ́ jàre. Bọ́ọ̀dù yẹn ń fa bíi 0.6A, 7V tí 7805 ń gé kúrò ò lọ ibì kankan, ooru ló ń dà, 4.2W nìyẹn, kò sí heat sink, irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n tún wá fi sílíkónì lẹ àpótí pa yíká nítorí òjò. Òjò ò wọlé lóòótọ́, ooru náà ò sì ráyè jáde. Tó bá ti gbóná jù, 7805 á pa ara ẹ̀, tó bá tutù díẹ̀ á jí, ayé tí wọ́n ní kí màmá gbàdúrà sí nìyẹn, ìyà ẹ̀ ló wá pọ̀ jù tó fi kú pátápátá.

Mi ò fi 7805 mìíràn sí i. LM2596 ni mo rà, èyí tó wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré yẹn, òun náà ń sọ 12V di 5V, àmọ́ kì í sun 7V dànù, ńṣe ló ń tan tó ń pa bí ìgbà 150,000 ní sẹ́kọ́ńdù kan, ooru ẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà ò tó 1W. Mo ti fẹ́ so ó tààrà o, àfi bí mo ṣe rántí rédíò ọ̀gá wa tó o fi 12V jó ní Ajílósùn, tí wọ́n ní kó o máa pọnmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo yáa fi mítà sí i lẹ́nu, 11V ló ń gbé jáde látilẹ̀! Mo yí skúrù wẹ́wẹ́ orí ẹ̀ títí ó fi di 5V kí n tó so ó. Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ méjì, àwọn tó ń mú kí iná dúró ṣinṣin, tí orí wọn ti wú, mo lu ihò sí ìdí àpótí, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí i tórí ọmọńlé.

Mo ní mi ò ní lọ àfi tí ọ̀sán bá pọ́n. Màmá gúnyán, o mọ̀ wá l'Ékìtì, mò ń jẹun mò ń wòkè, aago méjì kọjá, ọ̀rọ̀ ṣì ń rìn lọ geere. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, kò tíì ṣẹ́jú. Owó mi nìkan ni ò tíì pé.

Tó o bá ń bọ̀ ní Kérésì, bá mi ra mítà tó ń wọn ooru láìfọwọ́ kan nǹkan, ìka mi ṣì ń ta mí.

Èmi ni,
Dàpọ̀