Kí ẹ tó kọ́ ilé ìlera yẹn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ, ẹ sì kú òtútù lọ́hùn-ún. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ́dọ̀ yín ti dáwó jọ, pé ẹ fẹ́ kọ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé kẹ́ ẹ sì fà á lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ẹ ṣí ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí owó oṣù àwọn agbẹ̀bí yóò ti wá.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé ilé ìlera wọ́ọ̀dù (ìyẹn àdúgbò ìdìbò kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀) gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí mẹ́rin, ó kéré tán. Iṣẹ́ òwúrọ̀ wà, ti ọ̀sán wà, ti òru wà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa sinmi. Owó ìkọ́lé kò lè san owó oṣù wọn. Abala mìíràn nínú ìwé ìṣúná ni ti wọn wà.

Nọ́ńbà ni kí o fi wá a, torí ìlànà nọ́ńbà kan náà ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ jọ ń lò. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21 jẹ́ owó òṣìṣẹ́. 22 ni ìnáwó ojoojúmọ́ yòókù. 23 ni iṣẹ́ àkànṣe. Nínú 23 yìí, 2302 ni kíkọ́ nǹkan tuntun, 2303 ni àtúnṣe èyí tó ti wà. Lábẹ́ 22, wá 220204, owó ìtọ́jú, ìyẹn ti títún ilé àti ẹ̀rọ ṣe, kì í ṣe ti aláìsàn, àti 220208, owó epo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Gbé 2302 sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà ìtọ́jú wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ ohun tó jẹ ìjọba lógún lóòótọ́, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ tí gómìnà kà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ìdí tí owó ìtọ́jú fi ṣe pàtàkì rèé: wo ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Nínú páìpù rẹ̀ nísàlẹ̀ ni rọ́bà róbótó kan wà tó ń gbé omi sókè, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Iyanrìn ló máa ń jẹ ẹ́. Tó bá ti jẹ tán, o lè fà á títí, omi ò ní jáde. Kí wọ́n fa páìpù yọ, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Àmọ́ tí owó ìtọ́jú ò bá sí, ẹ̀rọ náà á dákẹ́ síbẹ̀, ìṣúná ọdún mìíràn á sì tún gbé kànga tuntun wá sí àdúgbò kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni títì. Omi ló ń pa ọ̀dà. Gọ́tà tí wọn ò kó kí òjò tó dé á dí, omi á wọ abẹ́ ọ̀dà, ilẹ̀ pupa tó gbé e dúró á rọ̀, ìgbà tí tírélà bá gùn ún, ihò dé. Owó tí ì bá kó gọ́tà kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọn yóò fi tún títì náà ṣe, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ohun kejì ni pé owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ni owó tó jáde. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, yàtọ̀ sí owó orí ọjà (VAT), lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ 13% owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ elépo, 26.72% ló kan gbogbo ìpínlẹ̀. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò, tí náírà sì já wálẹ̀, owó tó ń wọlé ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì, dísẹ́ẹ̀lì àti ọ̀dà náà gbówó lórí, owó oṣù tó kéré jù sì ti kúrò ní ₦30,000 di ₦70,000 ní 2024. Ìjọba máa ń fi yíyá owó àti ìrànwọ́ tí kò tíì dájú dí àlàfo ìṣúná. Tí wọn ò bá wọlé, owó oṣù ò ṣeé gé, gbèsè ò ṣeé gé, 23 ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Nítorí náà, wá ìròyìn ìṣúná tó ń jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ti ná hàn níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ṣì wà ní 4% ní ìparí oṣù kẹsàn-án, má retí rẹ̀ lọ́dún náà.

Èyí tó kàn yín jù rèé. Òfin ètò ìlera ti 2014 ya ó kéré tán 1% owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mú, ó kéré tán, 25% owó iṣẹ́ náà wá. Láti inú rẹ̀ ni owó ti ń lọ tààrà sí àpò ìfowópamọ́ ilé ìlera tí wọ́n bá yàn ní wọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n yàn ní wọ́ọ̀dù yín. Tó bá ti wà, lójú tèmi, ẹ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ẹ fa omi wọ yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ gbé iná oòrùn sí i. Èyí á wúlò ju ilé tuntun tí kò ní orúkọ nínú ìwé kankan.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kọ́ tuntun, ẹ kọ̀wé sí àjọ ìlera alábọ́ọ́dé ìpínlẹ̀ àti aṣòfin àdúgbò yín kí oṣù keje tó parí, torí àárín ọdún ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ jọ, tó bá ti dé iwájú ilé aṣòfin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Ẹ béèrè fún ipò agbẹ̀bí mẹ́rin lábẹ́ 21, àti owó ìtọ́jú àti epo lábẹ́ 22. Ẹ gba èsì lórí ìwé.

Tí o bá ti rí ìṣúná ọdún yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi ojú ewé àjọ ìlera ránṣẹ́ sí mi, ká jọ kà á. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́