Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fà sí bàbá àgbàlagbà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Mo ń pè ọ́, o kì í gbé e. Ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ ni mo ti gbọ́ pé ẹ fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí bàbá àgbàlagbà kan lára wàràwàrà, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé ìwọ lo so ó kọ́?

Bàbá rẹ ti gba awò tuntun. Àbúrò rẹ yege, ó ní kí n kí ọ.

Èmi náà ṣe nọ́ọ̀sì, mo mọ bí ọ̀gá ṣe ń pàṣẹ lórí ìdúró pé, "Ẹ fún un lẹ́jẹ̀!" Ẹ̀jẹ̀ wo? Bi í. Sẹ́ẹ̀lì pupa wà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí hemoglobin rẹ̀, èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kò tíì lọ sísàlẹ̀ 7 g/dL, kò sábà nílò rẹ̀. Plétílẹ́ẹ̀tì, àwọn wórówóró inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́, ti àwọn tí oògùn jẹjẹrẹ ti jẹ tiwọn tán ni. Má gbé ìyẹn sí fìríìjì o! Ìwọ̀n 20 sí 24 Celsius ló ń gbé, wọ́n á máa rọra mì ín, kò sì ń pẹ́ ju ọjọ́ 5 sí 7 lọ. Plásímà, omi inú ẹ̀jẹ̀, wà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà tí kò dì, kì í ṣe omi tí a fi ń kún ara. Abiyamọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí fibrinogen rẹ̀, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ti tán, cryoprecipitate tí wọ́n ń yọ lára plásímà ni tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀ jù lè mú kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, àpò kan ni, díẹ̀díẹ̀, kó má ṣáà kọjá wákàtí 4. Kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ronú kan èkejì. Fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ka orúkọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti ara àpò. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, tí ibà dé, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró ná kó o tó pe ẹnikẹ́ni.

Olórí kunkun! Mo mọ̀ pé ìwé rẹ ju tèmi lọ, ọkọ mi. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ ni mo ń bẹ̀rù, torí ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo kéré lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin kan ń húkọ́, kò lè sùn sílẹ̀, mo rí i. Ọ̀gá ní kí n so àpò kejì, mo sì so ó. Ó yè, àmọ́ n kò sọ fún bàbá rẹ pàápàá. Nígbà tí ìwọ sì ń bi àgbà léèrè nílé, èmi ni mo ń ní kó o panu mọ́.

Báwo ni bàbá náà ṣe ń mí báyìí? Pè mí lálẹ́. Bó bá jẹ́ ìwọ lo so ó, pè mí náà.

Ìyá rẹ