Ẹ̀sùn Lórí Power Amp 200 Wáàtì Tí Ẹ Tà Fún Mi

Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Ilé-Iṣẹ́, Èkó.

Ọ̀gá mi,

Power amp tí mo rà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn gìtá lágbára kí ó tó dé spíkà, kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ ní yóò ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ gbà á padà, kí ẹ sì dá owó mi padà.

Kí n tó san kọ́bọ̀ ni mo ti ṣàlàyé fún ọmọọṣẹ́ yín lórí WhatsApp. Mo ní modeler, ẹ̀rọ tó ń fara wé ohùn ampilifáyà àti spíkà, ni mo fi ń ta gìtá, kò sì lágbára tí yóò fi gbé spíkà fúnra rẹ̀. Mo ní spíkà Celestion Vintage 30 méjì ló wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì wa, 16 ohm sì ni àpapọ̀ wọn (ohm ni a fi ń wọn bí spíkà ṣe ń dènà iná tó). Mo ní eré jùjú la fẹ́ fi ṣe lóde ìnáwó, kì í ṣe inú yàrá. Èsì tó fún mi rèé: "200 wáàtì ni, sà. Á gbé e dáadáa, ẹ má fòyà." Mo ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà mọ́ lẹ́tà yìí.

Ìgbà tí ẹrù dé ni mo rí ohun tí ẹ kò kọ sínú ìpolówó yín. Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, lábẹ́ fáànù, wọ́n kọ ọ́ tíntìntín: 200 wáàtì ní 4 ohm, 110 ní 8 ohm, 55 ní 16 ohm. Agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ spíkà wa fi díẹ̀ lé ní ìdámẹ́rin ohun tí mo sanwó fún. Ampilifáyà oní-tube, irú àtijọ́ tó ń lo gílóòbù onígíláàsì, ní transformer tí a fi ń yan 4, 8 tàbí 16 ohm, kí agbára rẹ̀ má bàa dín. Irú èyí tí ẹ tà kò ní in. Bí ohm bá ṣe ń lọ sókè ni wáàtì rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ẹni tó ń ta irú ọjà yìí kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kemper, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe modeler tó ní power amp nínú, kò fi tirẹ̀ pamọ́: 600 wáàtì ní 8 ohm ni wọ́n kọ.

Lójú agbo, nígbà tí gìtá nìkan ń dún, kò sóhun tó ṣe é. Gbàrà tí gángan àti dírọ́ọ̀mù wọlé, mo yí volume dé òpin, iná pupa ń ṣẹ́jú, gìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí aṣọ ògbólógbòó. Onígìtá rọ́ọ̀kì lè fi ariwo bo irú èyí mọ́lẹ̀. Ti jùjú kò ṣeé bò: ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kí ó sì yọ láàárín ìlù, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ bó ṣe ń dá olórin lóhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò agbára tó ṣẹ́kù sílẹ̀, kí ohùn má bàa fọ́ nígbà tí a bá ta okùn kíkankíkan. Olórí ẹgbẹ́ wa ní kí n pa á.

N kò bá ẹ̀rọ náà jà lórí ohùn. Kò kùn, kò sì fi nǹkan kan kún ohun tí modeler bá gbé fún un, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ti pa spíkà àfarawé inú modeler, torí spíkà gidi wà níbẹ̀. Agbára ni kò tó.

Nígbà tí mo pè yín, wọ́n ní kí n lọ tún wáyà kábínẹ́ẹ̀tì so kí ó di 4 ohm. Kábínẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ni, 16 ohm náà sì ni onígìtá wa kejì ń lò. N kò ní tú ohun tí kò bàjẹ́ nítorí ọjà tí ẹ tà láìbìkítà. Wọ́n tún ní rìsíìtì yín sọ pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, abala 122, sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà náà kò sì yẹ fún un, ó lè dá a padà láàárín àsìkò tó bójú mu, kí ó sì gba owó rẹ̀ pé.

Ẹ dá owó mi padà, ti ọkọ̀ náà mọ́ ọn. Ẹ sì kọ ohm mọ́ gbogbo wáàtì tí ẹ bá ń polówó, nítorí onígìtá mìíràn ti lè máa kó owó jọ lọ́wọ́ báyìí láti ra èyí kan náà. Bí n kò bá gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni n óò gbé ẹ̀sùn náà lọ. Ẹrù wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú wáyà iná. Ẹ rán ẹni tí yóò gbé e.

Èmi ni oníbàárà yín,
Onígìtá, Ìbàdàn.