Ẹ Má Yọ Ará Oko Sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ìjọba Ọ̀ṣun bá ń wá èrò ará ìlú lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má fi mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń kó iṣu wá bá wa láti abúlé, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, owó ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó ṣájì ẹ̀. Àwọn gan-an ni ọ̀nà tó bàjẹ́ ń dà lẹ́rù nù, ta ló bi wọ́n?

Ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò INEC náà, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ tẹ ìka. Ará oko á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tò.

Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ọ̀ṣun. Kí wọ́n ka ìkéde bọ́jẹ́ẹ̀tì náà lórí rédíò ní Yorùbá lálẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ ti toko dé. Kí akọ̀wé kan jókòó ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọjà, kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Baálẹ̀ nìkan kọ́ ni kí wọ́n bi o. Obìnrin tó ń pọnmi mọ ibi tí ẹ̀rọ omi ti kọṣẹ́ jù ú lọ.

Oníṣòwò iṣu,
Ọjà Ọba, Òṣogbo.