Ibo ni wọ́n ti mú òǹkà náà wá?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Òǹkà tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn ń lọ ló ń ká mi lára, nítorí òun ni ìjọba ń wò kí wọ́n tó ti ọjà pa tàbí kọ́ ilé ìtọ́jú.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní bí nǹkan kò bá yí padà, àwọn tí Ebola máa mú ní Làìbéríà àti Sierra Leone lè tó 1,400,000 kí oṣù Kìíní 2015 tó parí. Nígbà tí àrùn náà fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n kà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jẹ́ nǹkan bí 28,600. Àwọn onímọ̀ náà kò purọ́, ìkìlọ̀ wọn sì ta ayé jí. Ṣùgbọ́n nítorí wọ́n gbà pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sí lákọsílẹ̀, wọ́n sọ iye àwọn tó wà níbẹ̀ di ìlọ́po méjì ààbọ̀, iye bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n sì fi wọn ìlọ́po yẹn. Lẹ́yìn náà làwọn ará ìlú jáwọ́ nínú wíwẹ òkú, èyí tó ń tan àrùn náà, wọ́n sì ń gba àwọn asìnkú ìjọba láyè. Nígbà tí ológun Amẹ́ríkà fi kọ́ ilé ìtọ́jú 11 tán ní Làìbéríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí aláìsàn Ebola kan gbà.

Ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà, ènìyàn 20 ló kó Ebola, 8 kú. Ojúlé dé ojúlé ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ wo nǹkan bí 890 ènìyàn tó ti fara kan aláìsàn.

Títí di òní, iye ènìyàn tí ẹnì kan ń bá pàdé lóòjọ́, ìwádìí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Yúróòpù ni wọ́n sábà máa ń gbé e kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin jọ ń sùn nínú yàrá kan ní Múṣin, tó ń wọ dánfó lọ sí Ìdúmọ̀tà, ta ló bi í léèrè?

Ohun tí mo ń bẹ NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, fún ni pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kéde: èwo la wọ̀n nílé, èwo la yá, ọjọ́ wo la máa tún un wọ̀n. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì náwó sórí àkọsílẹ̀ ikú ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, nítorí láìsí i, a kò ní mọ̀ bí ìṣirò bá ti ṣìnà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn