Ẹ pe ará ìlú kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn aláṣẹ ṣe ń pe ará ìlú sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ńláńlá tó kan ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ wọn. Yálà títì ni wọ́n fẹ́ là, tàbí ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́, tàbí ààtàn ni wọ́n ń wá àyè fún, ìpàdé kì í wọ́n. Àga máa ń kún, àwòrán máa ń wà lára ògiri, wọ́n á sì ya fọ́tò. Ọjọ́ tí wọ́n pe ìpàdé náà ló ń bà á jẹ́. Nígbà yẹn, wọ́n ti ra ilẹ̀, wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀, wọ́n ti bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ìpàdé yìí, olórí wà ní ìjókòó lóòótọ́, wọ́n ti fá orí rẹ̀ dé ìdajì kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é.

Ní ọdún 1992, nígbà ìpàdé àgbáyé lórí àyíká ní Rio de Janeiro, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí Ìlànà Kẹwàá, tó ní kí ará ìlú rí ìsọfúnni gbà lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n lọ́wọ́ nínú ìpinnu, kí ọ̀nà ilé ẹjọ́ sì ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1998, wọ́n bu ọwọ́ lu Àdéhùn Aarhus ní Denmark, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, tó sì sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí di dandan fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ìsọfúnni gbọ́dọ̀ gba èsì láàárín oṣù kan. Bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí tó díjú nìkan ni wọ́n fi lè fà á dé oṣù méjì. Guinea-Bissau wọ inú àdéhùn náà ní 2023, òun sì ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Abala kẹfà rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́: ó ní kí ìkópa ará ìlú bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, nígbà tí gbogbo ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀.

Lẹ́nu iṣẹ́, èyí já sí pé ohun mẹ́rin ṣì gbọ́dọ̀ ṣeé yí padà lọ́jọ́ ìpàdé: ibi tí wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà sí, bí ó ṣe máa tóbi tó, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣe é, àti bóyá kí wọ́n tilẹ̀ ṣe é rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun ògiri ló ṣẹ́ kù láti bi ìlú léèrè, ìkéde lásán ni wọ́n wá ṣe.

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n pe ìlú jọ. Ìpè kejì ni gbogbo èèyàn mọ̀, ìyẹn lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ bá ti kọ àbọ̀ ìwádìí wọn lórí ipa tí iṣẹ́ náà máa ní lórí àyíká. Ìpè kìíní ni wọ́n máa ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń pinnu ohun tí wọ́n máa wọ̀n, ibi tí wọ́n máa ti wọ̀n ọ́n àti àsìkò tí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Ẹ wo páìpù tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì. Ẹnjiníà tó bá wo odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan máa rí omi tí kò kọjá kókósẹ̀, ó sì lè yan páìpù tó kéré. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìdajì ti òmíràn kì í gbé ìdajì omi tí èyí tó tóbi ń gbé. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ wọn bá tilẹ̀ dọ́gba, kì í gbé tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ibẹ̀ ni omi ti ń ya wọ yàrá olóyàrá. Ẹni tó ti ń gbé etí odò náà láti ọgbọ̀n ọdún lè nàka sí ibi tí omi dé lára ògiri rẹ̀. Kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, kí wọ́n kọ ọdún tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí i lórí máàpù. Àkọsílẹ̀ tí onímọ̀ omi ń lò gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá dúró di ìgbà tí àbọ̀ ìwádìí ti parí, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ tún ìṣirò náà ṣe mọ́.

Ìwé kíkà náà ní wàhálà tirẹ̀. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí àkókò tí ará ìlú máa fi sọ tẹnu wọn lórí àbọ̀ ìwádìí má dín ní ọjọ́ 30. Láti ọjọ́ tí ìwé bá dé àrọ́wọ́tó ìlú ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ọjọ́ náà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó nípọn bí irinwó ojú ewé, nínú ọ́fíìsì tó ń ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ìgbà wo ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ máa rí i kà? Kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ojú ibi tí iṣẹ́ náà máa wà, kí rédíò kà á, kí wọ́n sì kọ àkékúrú tí kò ju ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Kí ó sọ bí èéfín àti omi ìdọ̀tí ṣe máa pọ̀ tó àti ibi tí wọ́n máa gbà jáde, ohun tí wọ́n máa ṣe láti dín wọn kù, àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò àti ìdí tí wọ́n fi pa wọ́n tì. Bí wọ́n bá kọ iye ariwo sílẹ̀, kí wọ́n sọ iye tó máa jẹ́ lójú fèrèsé ilé tó súnmọ́ jù lóru, àti iye tó jẹ́ níbẹ̀ lónìí.

Ní ti ìpàdé fúnra rẹ̀, kí alága má ṣe jẹ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé wákàtí méjì, kí àlàyé àwọn onímọ̀ má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí wọ́n pín èèyàn ní mẹ́jọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá mẹ́wàá, kí akọ̀wé kan wà pẹ̀lú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì ka ohun tó kọ sétígbọ̀ọ́ wọn kí wọ́n tó túká. Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà léwu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, torí wọ́n lè so ó mọ́ ẹ̀yìn àbọ̀ ìwádìí bí ẹ̀rí pé ìlú ti fara mọ́ iṣẹ́ náà. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé: "Mo wá sí ìpàdé, kò túmọ̀ sí pé mo gbà." Ẹ má fọwọ́ sí èyí tí kò bá ní in.

Sherry Arnstein, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1969 pé àkàbà onípele mẹ́jọ ni ìkópa ará ìlú. Àárín ló to ìfitónilétí àti gbígba èrò ìlú sí, torí pé ẹni tó dúró níbẹ̀ lè sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní agbára tó máa fi mú kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ tó lè gbé èèyàn kọjá ibẹ̀ ni àtẹ olójú mẹ́rin: nọ́mbà, ọ̀rọ̀ tí ará ìlú sọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, èsì aláṣẹ, àti ohun tó yí padà pẹ̀lú ojú ewé tó wà. "A ti gbọ́" kì í ṣe èsì. "A ti sún ẹnu páìpù omi ìdọ̀tí jìnnà sí kànga, ẹ wo ojú ewé 62" jẹ́ èsì. "A kò lè sún un, torí pé ilẹ̀ ọ̀hún ga ju páìpù lọ" náà jẹ́ èsì, nítorí èèyàn lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí ìlú bá fẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹni tí òfin gbé ìpinnu lé lọ́wọ́ náà ló máa ṣe é, ṣùgbọ́n ó jẹ ìlú ní àlàyé, nínú ìwé.

Àwọn kan ní gbogbo èyí ń dá iṣẹ́ dúró. Ó ń gba oṣù díẹ̀ lóòótọ́. Wíwú páìpù tí wọ́n ti rì sábẹ́ títì tí ọ̀dà ti bò ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì tún yàtọ̀.

Ẹ̀yin oníròyìn ni mo fẹ́ bẹ̀. Bí ẹ bá lọ síbi irú ìpàdé yìí, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé agbaṣẹ́ṣe, kí ẹ tẹ ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìpàdé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ bèèrè àtẹ èsì lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ ètò ìlú àti àyíká