Màámi, èmi ni mo ṣẹ̀, kì í ṣe Bùkọ́lá

Thamesmead, London
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà. Ara wa le, ara ọmọ náà le. Ó pé ọ̀sẹ̀ 9 lónìí, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín sí gílóòbù. Fúnkẹ́, ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí fún Màámi, mo bẹ̀ ọ́, má fo ibì kankan. Bí àlejò bá wà ní pálọ̀, jẹ́ kó lọ ná.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, ẹ kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, Màámi. Ẹ óò ti máa ṣàdúrà lé mi lórí kí n tó dé ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń bọ̀ nílé wá sin ìyá rẹ̀, òun ni mo fi rán.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni ti ìpè tí ẹ pe Bùkọ́lá ìyàwó mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ ní ó ń bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ ní ilé tí wọn ò ti mọ ọtí, wọn ò mọ àlejò ṣe. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà," ó wá wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo gbọ́.

Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún yín, òótọ́ ni. Ó tiẹ̀ dín in kù nígbà tó ń sọ ọ́ fún yín.

Ọmọ wà ní ọ̀sẹ̀ 5 nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ 2 péré ni wọ́n ń fún bàbá ọmọ níbí. Mo ti lò ó tán, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó. Lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi mi, mo mu sítáòtù dúdú 4, ìgò kékeré, èyí tí wọ́n ń kó wá láti ilé, tó le ju tibí lọ. Ó ti rẹ Bùkọ́lá, kò tíì sùn tó wákàtí 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tó ti bímọ. Mo ní kó lọ sùn, mo gbé ọmọ lé àyà, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga pálọ̀. Lójú ara mi, ọkọ rere ni mí.

Nígbà tí Bùkọ́lá fi jí ní aago 3, ọmọ ò sí láyà mi mọ́. Ó ti yọ̀ bọ́ sáàárín apá mi àti tìmùtìmù àga, imú rẹ̀ wà nínú aṣọ. Bùkọ́lá ní òun pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, n ò dáhùn. Kò pariwo. Ó fà á yọ, ọmọ mí kanlẹ̀, ó wá ké. Igbe yẹn ló jí mi. Màámi, ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi: "Kí ló dé tó o jí ọmọ?"

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ gbé ọmọ sùn lórí àga pálọ̀ rárá, àti pé ẹni tó bá mutí kò gbọdọ̀ sùn sórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú ọmọ. Ó bi wá pé ta ló ń mutí níbí. Mo ní kò sí. Bùkọ́lá wolẹ̀. Ó bò mí láṣìírí lójú òyìnbó, èmi ni mo wá ń pariwo lẹ́yìn náà pé ó tú àṣírí mi fún ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Bùkọ́lá náà, ẹ mọ̀. Ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé kan: àwọn dókítà ìjọba níbí ní kí èèyàn má kọjá yúníìtì 14 lọ́sẹ̀ (yúníìtì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣírò ọtí níbí), ìgò kékeré kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 àti ààbọ̀. Mo ti mu bí 10 lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo bú u fún ìṣirò yẹn.

Ìjà yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bàbá Bùkọ́lá, ọmọ ìjọ CAC pọ́ńbélé, ní ọtí ò gbọdọ̀ wọ inú ètò náà. Ẹ̀gbọ́n Bàámi ní báwo la ṣe fẹ́ wúre "ọtí kì í tí" láìsí ọtí. Orí fídíò ni wọ́n ti ń fà á, ọmọ sùn lọ. Bùkọ́lá wá tún ní oyin ò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu títí yóò fi pé ọdún 1, ó fi kan ẹnu ara rẹ̀. Ẹ pa fóònù. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ibí ni o, Màámi, kì í ṣe ìgbéraga.

Ní ti omi tí ẹ ní kí n máa fún un, mo fún un ní ṣíbí 3 ní ìkọ̀kọ̀. N ò ní ṣe é mọ́. Ọyàn nìkan, títí oṣù 6, bí wọ́n ṣe ń sọ fún àwọn aboyún nílé náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti ìwẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ báyìí. Mo ń na apá, mo ń ká ẹsẹ̀, mo ń fi òróró ra á lẹ́yìn bí ẹ ṣe fi hàn mí. Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá, kò sọ nǹkan kan.

Mo rántí àtùpà, Màámi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 7, ẹ máa ń gbé e fún mi kí n lọ mú Bàámi bọ̀ láti ìdí ògùrọ̀. Bó bá fẹ́ ṣubú, èjìká mi ló máa ń dì mú. Ẹ máa ń fi ìgò ògógóró rẹ̀ pamọ́ sínú àpò gààrì. Gbogbo wa la mọ̀. Òun náà mọ̀. Ẹ ò pe ìyá yín rí, ará ìta kankan ò gbọ́. Ohun tí ẹ̀yin mú mọ́ra ni ẹ ń bínú pé Bùkọ́lá ò mú mọ́ra.

Òun kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìgò 2 tó kù, ó kó o sórí tábìlì, ó ní ọwọ́ tó rà á ni yóò dà á nù. Mo dà á. Ọjọ́ 26 rèé. Ẹ má tíì bá mi dúpẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù títí òtútù fi wọ̀ mí lára, mo wọlé, mo ra bisikíìtì, mo jáde.

Ọmọ ò ní wá gbé lọ́dọ̀ yín ní Òkìtìpupa, ẹ dárí jì mí. Kí Ẹ̀gbọ́n Bàámi má sì pe ìpàdé ẹbí kankan. Ẹ pe Bùkọ́lá lálẹ́ Ọjọ́rú, mi ò ní sí nílé. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ béèrè ọmọ, kí ẹ béèrè òun náà.

Gààrì tí ẹ fi rán wa dé lánàá. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Gààrì lásán ni.

Ọmọ yín,
Ṣọlá